Pulọ́ọ̀tì Kuje: ilé, sókàwéè àti ọgbà ẹ̀fọ́ lórí ilẹ̀ kan ṣoṣo

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra pulọ́ọ̀tì kan ní Kuje, mítà 15 sí 30. Ilé oníyàrá mẹ́ta ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀, àwa mẹ́fà la ó sì máa gbé e. Ìyàwó mi fẹ́ ọgbà ẹ̀fọ́ lẹ́yìnkùlé. Bíríkìlà ní ilẹ̀ náà le, pé agbára káká ni dígà fi ń wọ̀ ọ́, pé ìpìlẹ̀ ẹsẹ̀ bàtà méjì ti tó. Ṣùgbọ́n ilé aládùúgbò tó wà nísàlẹ̀ wa ti sán láti igun fèrèsé, sókàwéè rẹ̀ sì máa ń kún lóṣù kẹjọ lọ́dọọdún. Ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbìn mọ́ ògiri ilé náà ń pọ́n rúsúrúsú. Ṣé ilẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀? Kí ni kí n ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀?"

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilẹ̀ o, ẹ ó kọ́ ọ láṣeyọrí. Ilẹ̀ ló jọ pé ó fa méjì nínú mẹ́ta tí ẹ kà yẹn. Ti ẹ̀fọ́ ẹ̀bá ògiri ṣeé ṣe kó jẹ́ sìmẹ́ǹtì, a ó débẹ̀.

Iṣẹ́ mẹ́ta lẹ fẹ́ bẹ pulọ́ọ̀tì yìí, wọn ò sì bára wọn mu. Ilé ń fẹ́ ilẹ̀ tó dì, tí omi ò ní máa rọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Sókàwéè, ìyẹn ibi tí omi ìgbẹ́ ń gbà wọlẹ̀, ń fẹ́ ilẹ̀ tó ń mu omi. Ẹ̀fọ́ ń fẹ́ ilẹ̀ tó rọ̀, tó sì lè di omi mú fúngbà díẹ̀. Ohun tó máa sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn máa wà ni bí omi ṣe ń dúró lábẹ́ ilẹ̀ yín nígbà tí òjò bá pọ̀ jù, láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kẹsàn-án. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Àbújá ń ya àwòrán ilé ná, wọ́n á kọ́lé tán, wọ́n á wá ju sókàwéè sí igun tó bá ṣẹ́kù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kòtò ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbẹ́, kí àwòrán tó tẹ̀ lé e.

Ohun tí dígà bíríkìlà yín kàn

Ibi tó pọ̀ jù lágbègbè olú-ìlú, láti Bwari títí dé Kuje, àpáta gránáìtì àti àwọn ìbátan rẹ̀ tó ti ń jẹrà láti ayébáyé ló di ilẹ̀. (Lápá Abaji ni ilẹ̀ ti yàtọ̀, ibẹ̀ jẹ́ òkúta iyanrìn.) Ẹ gbẹ́ ẹ wò, ẹ ó sábà bá ilẹ̀ òkè tí kò nípọn, sẹ̀ǹtímítà 15 sí 30, tó ní iyanrìn nínú. Yangí pupa ló tẹ̀ lé e, tó lè jẹ́ ìdajì mítà níbì kan, kó sì tó mítà 2 níbòmíì. Amọ̀ aláwọ̀ púpọ̀ ló wà lábẹ́ yangí, pupa, funfun àti ìyeyè tó dàpọ̀ mọ́ra. Àpáta tó ti rọ̀ ló tẹ̀ lé amọ̀, kí ẹ tó kan àpáta gan-an. Pulọ́ọ̀tì kan lè ní àpáta tó yọrí síta ní igun kan, kí amọ̀ jìn tó mítà 5 ní igun kejì.

Yangí ni bíríkìlà yín bá pàdé. Nígbà ọyẹ́, tó bá gbẹ, ó le débi pé dígà ń ta padà. Òótọ́ ló sọ nípa líle rẹ̀, ṣùgbọ́n líle rẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ò sọ nǹkan kan fún yín nípa ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Omi òjò ń gba inú yangí kọjá, ó ń bá amọ̀ pàdé, amọ̀ ò sì jẹ́ kó lọ. Omi á wá dúró láàárín àwọn méjèèjì, á máa rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí apá ìsàlẹ̀. Bí ilé aládùúgbò yín ṣe wà nísàlẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni omi òkè ń darí sí. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí ẹ dá a lẹ́bi jù.

Ẹ gbẹ́ kòtò mẹ́ta, ìbú mítà 1, jíjìn mítà 2. Kí méjì wà ní igun ilé tó kọjú síra wọn, kí ìkẹta wà níbi tí ẹ ń rò fún omi ìgbẹ́. Kí wọ́n fẹ ẹnu kòtò náà, kí wọ́n gbẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, nítorí ẹ̀gbẹ́ kòtò lè ya bo lébúrà mọ́lẹ̀ lójijì, pàápàá lórí ilẹ̀ àkúnbọ̀ tàbí lẹ́yìn òjò. Ẹ fi pákó àti ẹ̀gún bò ó mọ́jú, kí ọmọdé má baà jìn sí i. Lọ́jọ́ kejì, ẹ lọ wò ó bóyá omi ti sun síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì wọn bó ṣe jìn sí ojú ilẹ̀.

Bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn lẹ ń gbẹ́ ẹ, kòtò á gbẹ, kò sì túmọ̀ sí pé omi kì í débẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ ilẹ̀. Níbi tí omi bá ti ń dúró fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lọ́dọọdún, amọ̀ ibẹ̀ máa ń ní àwọ̀ eérú, pẹ̀lú àmì pupa tótòtó bíi ti irin tó dógùn-ún. Ibi tí àwọ̀ eérú yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni òkè ibi tí omi máa ń dé lóṣù kẹjọ. Àmì yìí kì í parẹ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ó sì wúlò ju ọ̀rọ̀ ẹni tó ta ilẹ̀ fún yín lọ.

Nǹkan kan tún wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Ẹ bi àwọn àgbẹ̀ Gbagyi tó ń dáko nítòsí léèrè ohun tí wọ́n ń gbìn síbẹ̀ kí wọ́n tó tà á. Bó bá jẹ́ iṣu àti ọkà bàbà ni, omi ń fà lọ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ìrẹsì tàbí ìrèké ni, fàdámà (ilẹ̀ àkùrọ̀) ni, ẹ ó nílò owó ìpìlẹ̀ tó ju èyí tí ẹ fọkàn sí lọ. Lugbe rí ohun tí àfonífojì lè ṣe lóṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí àgbàrá wọlé àwọn ènìyàn ní ẹ́sítéètì Trademore.

Kí ẹ tó dí kòtò, ẹ mú ilẹ̀ níbi gbogbo tí àwọ̀ ti yí padà, ẹ fi omi pò ó, kẹ́ ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ jáde láti àárín ìka bí ọ̀já. Bí ọ̀já náà bá já kó tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 2.5, iyanrìn ló pọ̀ nínú rẹ̀. Bó bá gùn ju 5 lọ kó tó já, amọ̀ gidi ni. Fún amọ̀, ẹ tún ṣe èyí: ẹ gbẹ ẹ́, ẹ lọ̀ ọ́, ẹ jọ ọ́ kúnná, ẹ bu mìlílítà 10 sínú ife gígùn tó ní ìlà òṣùwọ̀n, ẹ bu omi kún un dé 100, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ilẹ̀ tó rọlẹ̀ sísàlẹ̀ bá wú kọjá 15, irú amọ̀ tó ń wú tó sì ń súnkì ni. Bó bá dé 20, ẹ má da kọnkéré kankan láìrí ẹnjiníà tó ní ìwé COREN, àjọ tó ń forúkọ àwọn ẹnjiníà sílẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìpìlẹ̀

Ìwúwo ògiri kì í tán sí abẹ́ kọnkéré. Ó ń tẹ ilẹ̀ lọ sísàlẹ̀ tó ìlọ́po kan àti ààbọ̀ ìbú ìpìlẹ̀ náà, bí kò bá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìpìlẹ̀ tí a sábà ń lò fún ilé ilẹ̀ jẹ́ mìlímítà 675 ní ìbú, nítorí náà mítà 1 sísàlẹ̀ rẹ̀ ń gbọ́ ìwúwo ilé. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí kòtò yín jìn tó mítà 2. Ẹsẹ̀ bàtà méjì tí bíríkìlà sọ lè bọ́ sórí yangí tó le lóòótọ́. Bí yangí náà ò bá nípọn, amọ̀ tó rọ̀ lábẹ́ rẹ̀ ni ilé ń jókòó lé.

Bí kòtò bá fi yín hàn pé yangí nípọn tó mítà kan ààbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀, tí omi ò sì dé ibẹ̀, iṣẹ́ yín rọrùn. Ẹ gbẹ́ yàrà ìpìlẹ̀ dé mìlímítà 900, ẹ da kọnkéré tó nípọn ní mìlímítà 225: báàgì sìmẹ́ǹtì 1, páànù iyanrìn 6, páànù òkúta 12. Búlọ́ọ̀kù ínṣì 9 tí wọ́n fi kọnkéré dí ihò rẹ̀ ni kó gòkè dé ojú jámánì fúlọ́ọ̀. Kí wọ́n da kọnkéré náà lọ́jọ́ tí wọ́n gbẹ́ yàrà tán. Yàrà tí òjò bá rọ̀ sínú rẹ̀ mọ́jú ti rọ̀ nísàlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ha ẹrẹ̀ orí rẹ̀ kúrò títí wọ́n á fi kan ibi tó le kí kọnkéré tó wọlé. Ibi tí wọ́n bá gbẹ́ jù, kọnkéré ni kí wọ́n fi dí i. Kò gbọdọ̀ jẹ́ yẹ̀pẹ̀.

Bí yangí bá jẹ́ ìdajì mítà péré lórí amọ̀ tó rọ̀, tàbí tí omi abẹ́ ilẹ̀ ò jìn tó mítà 1 sí ojú ilẹ̀, ẹ ò lè yanjú ẹ̀ pẹ̀lú bíríkìlà nìkan. Ìpìlẹ̀ tó fẹ̀ sí i tó ní irin, tàbí pèpéle kọnkéré onírin tó gbé gbogbo ilé, ni ẹnjiníà máa yàn níbẹ̀, iye irin rẹ̀ sì di ìṣirò rẹ̀.

Ohun tó ń ba ilé jẹ́ jù ní agbègbè olókùúta ni kí ìdajì ìpìlẹ̀ wà lórí àpáta, kí ìdajì wà lórí amọ̀. Ti àpáta ò ní rìn, ti amọ̀ á rọlẹ̀ díẹ̀, ògiri á sì là níbi tí méjèèjì ti pàdé. Àwọn bíríkìlà máa ń yọ̀ tí wọ́n bá kan àpáta, wọ́n á ní a ti ní ìpìlẹ̀ ọ̀fẹ́. Ẹ má bá wọn yọ̀. Ẹ gbẹ́ apá amọ̀ títí ẹ ó fi kan àpáta, tàbí kí ẹ fọ́ àpáta náà wálẹ̀ kí ẹ fi òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n tẹ̀ dáadáa sí abẹ́ ìpìlẹ̀ níbẹ̀. Bí méjèèjì ò bá ṣeé ṣe, ẹ fi àlàfo pín ilé náà sí méjì níbi tí ilẹ̀ ti yí padà.

Bí ògán bá wà lórí ilẹ̀, ẹ gbẹ́ ẹ tìdí-tìdí. Ihò wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí ìpìlẹ̀ lè jìn sí. Ilẹ̀ tí wọ́n máa fi kún abẹ́ jámánì fúlọ́ọ̀, kí ó jẹ́ yangí. Ẹ má gba ilẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò lọ́wọ́ onítípà. Kí wọ́n máa dà á ní mìlímítà 150, kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ẹ́ kí èkejì tó gorí rẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n dà ní mítà kan lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n wá tẹ orí rẹ̀ nìkan, á rọlẹ̀ lẹ́yìn òjò àkọ́kọ́, jámánì fúlọ́ọ̀ á sì dún kòròfo lábẹ́ ẹsẹ̀ yín.

Nípa ilé aládùúgbò yín tó sán: ìsán tó bẹ̀rẹ̀ ní igun fèrèsé tó ń tẹ̀ lé oríkèé búlọ́ọ̀kù gòkè jẹ́ àmì pé apá kan ilé ń rọlẹ̀ ju apá kejì lọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá fẹ̀ lókè ju ìsàlẹ̀ lọ, igun ilé ló ń lọ sílẹ̀. Bó bá fẹ̀ nísàlẹ̀, àárín ilé ló ń wọlẹ̀. Ẹ ní kó fi pẹ́ńsùlù sàmì sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kó kọ ọjọ́ sí i, kó wọn ọ́n ní ìparí oṣù kẹwàá àti ní ìparí oṣù kẹta. Bó bá ń ṣí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó sì ń padé nígbà òjò, amọ̀ tó ń súnkì ni. Bó bá ń fẹ̀ sí i láìpadà, ilẹ̀ ń sá lábẹ́ rẹ̀, sókàwéè tó ń kún yẹn sì lè wà lára ohun tó ń rọ ilẹ̀ náà. Kó má tíì rẹ́ ẹ, kó má sì kun ún, títí yóò fi mọ èyí tó jẹ́.

Ẹ̀yin tó ń ka èyí láti òkè Àríwá, ìpìlẹ̀ tó dára ní Kuje lè kú ní Gombe. Ní Numan, ní àwọn apá kan Gombe, àti láti Maiduguri lọ sí apá Adágún Chad, ilẹ̀ dúdú kan wà tó ń lanu nígbà ẹ̀ẹ̀rùn débi tí ọwọ́ á fi wọ̀ ọ́, tó sì ń lẹ̀ mọ́ bàtà pátápátá nígbà òjò. Ó ń gbé ilé ilẹ̀ sókè. Wọ́n máa ń kó o kúrò tó mítà 1 sí 1.5, kí wọ́n fi yangí tí wọ́n tẹ̀ dáadáa rọ́pò rẹ̀. Ẹ má fi iyanrìn rọ́pò rẹ̀, nítorí amọ̀ tó yí i ká ò jẹ́ kí omi jáde, omi á kún inú rẹ̀ bíi agbada, á sì máa bomi rin amọ̀ náà láti abẹ́. Kọnkéré fífẹ̀ mítà 1.5 yí ilé ká ń ràn án lọ́wọ́ láti má gbẹ kó má sì rin lójijì. Ní Kano, Katsina àti Sokoto, iyanrìn tí atẹ́gùn gbé wá ló pọ̀, ó lè gbé ilé dáadáa nígbà tó gbẹ, kó sì ya lulẹ̀ nígbà tí páìpù bá jò sí i. Lórí òkè Jos, ẹ wádìí bóyá kòtò ìwakùsà táńganran ni wọ́n dí kí ẹ tó sanwó.

Omi ìgbẹ́

Ẹ̀yí gan-an ló ń yọ Àbújá lẹ́nu jù, mo sì fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ sí i. Ìdí tí sókàwéè aládùúgbò yín fi ń kún lóṣù kẹjọ fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú: wọ́n gbẹ́ ẹ jìn jù. Àwọn ènìyàn gbà pé bó bá ti jìn tó ló ti ń gbà tó, wọ́n á sì gbẹ́ ẹ dé mítà 3. Kòtò tó wọnú amọ̀ ò níbi tí omi rẹ̀ máa gbà jáde. Kòtò tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì ti wọ̀, omi yẹn ti kún un kí ẹnikẹ́ni tó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Bí wọ́n bá pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́ lóṣù kẹjọ, omi abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n ń san owó fún pé kí wọ́n fà, á sì tún kún láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìsàlẹ̀ ibi tí omi ìgbẹ́ ń gbà wọlẹ̀ gbọ́dọ̀ fi mítà 1, ó kéré tán, ga ju ibi tí omi abẹ́ ilẹ̀ ń dé nígbà òjò. Mítà 1.5 ló dára jù.

Nǹkan méjì ni, kì í ṣe ọ̀kan. Sẹ́ptíìkì ni tánkì tí kì í jò, ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń rọlẹ̀ tó sì ń jẹrà. Ibi tí omi rẹ̀ ń wọlẹ̀ sí ni sókàwéè; dípò kòtò jíjìn, yàrà gbọọrọ tí kò jìn ni kẹ́ ẹ fi ṣe tiyín. Fún ènìyàn 6, ẹ fi 180 ṣe ìlọ́po iye ènìyàn, ẹ fi 2,000 kún un: lítà 3,080. Tánkì tí inú rẹ̀ gùn ní mítà 2.4, tó fẹ̀ ní 1.1, tí omi rẹ̀ jìn ní 1.2, gba lítà 3,168, ó ti tó. Ẹ fi ògiri pín in, kí yàrá àkọ́kọ́ jẹ́ mítà 1.6, kí èkejì jẹ́ 0.8, kí ihò ògiri náà wà ní àárín ìjìnlẹ̀ omi, níbi tí ìgbẹ́ ìsàlẹ̀ àti ọ̀rá òkè ò ti lè gbà kọjá. Páìpù tó ń wọlé ga ju èyí tó ń jáde lọ ní mìlímítà 75, kí méjèèjì ní ẹnu páìpù tó rí bíi lẹ́tà T tó rì sínú omi, ti àkọ́kọ́ 300, ti ìjáde 450. Ibi tí T ò bá sí, ọ̀rá á ṣàn jáde lọ dí sókàwéè pa láàárín ọdún díẹ̀. Ìsàlẹ̀ tánkì gbọ́dọ̀ jẹ́ kọnkéré mìlímítà 150. Bó bá parí, ẹ bu omi kún un, ẹ sàmì sí ibi tó dé, ẹ padà wá lẹ́yìn wákàtí 24. Bó bá lọ sílẹ̀, ó ń jò. Ẹni tó bá ra tánkì oníke, kó má jẹ́ kí wọ́n fà á gbẹ lóṣù kẹjọ, omi abẹ́ ilẹ̀ lè tì í jáde.

Bí ilẹ̀ yín ṣe ń mu omi sí ṣeé wọ̀n. Ẹ gbẹ́ ihò mìlímítà 300 ní gígùn, ní ìbú àti ní jíjìn, ní ìsàlẹ̀ ibi tí yàrà sókàwéè máa dé. Ẹ bu omi kún un, kó fà mọ́jú. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún bu omi sí i, kẹ́ ẹ ka ìṣẹ́jú tó gbà á láti 225 wá sí 75. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ní ihò méjì ó kéré tán, kẹ́ ẹ wá àárín rẹ̀. Bó bá dín ní ìṣẹ́jú 30, ilẹ̀ náà ń yára jù, yangí olókùúta tàbí àpáta tó là ni, omi ìgbẹ́ á kọjá láìsẹ́ lọ sínú kànga. Iyanrìn kíkúnná tó nípọn ní ìdajì mítà lábẹ́ yàrà máa dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Bó bá ju wákàtí 4 lọ, amọ̀ ni, kò ní gba omi yín.

Ká sọ pé ìṣẹ́jú 50 ni tiyín. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 3,000. Ẹ fi 150 pín in, 20 ló kù. Ènìyàn 6, ní ìlọ́po 20, ní ìlọ́po 0.25, jẹ́ mítà 30 níbùú-lóòró. Bí yàrà bá fẹ̀ ní mìlímítà 600, gígùn rẹ̀ á jẹ́ mítà 50. Ẹ lè pín in sí yàrà 4, mítà 12.5 ọ̀kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú mítà 2 láàárín wọn. Gbogbo rẹ̀ á gba mítà 8.4 nínú gígùn pulọ́ọ̀tì. Ẹ fi mítà 5 sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ilé, kẹ́ ẹ fi ilé tó gùn ní mítà 11 kún un, mítà 5.6 ló kù níwájú. Ẹ wò ó báyìí: ẹ̀yìnkùlé tí ìyàwó yín fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ sí ti tán. Ẹ̀fọ́ ò gbọdọ̀ wà lórí yàrà yẹn, koríko nìkan ni. Iwájú ilé ni ọgbà máa wà, ó sàn kí ẹ mọ̀ báyìí ju lẹ́yìn ìgbà tí ẹ bá ti da kọnkéré gbogbo iwájú tán.

Yàrà náà ò jìn, 600 sí 900 ti tó. Òkúta wẹ́wẹ́ tí wọ́n fọ̀ mọ́, mìlímítà 300, páìpù ínṣì 4 tó ní ihò lára, tó dagẹ̀rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 fún mítà 2, òkúta tún bò ó díẹ̀, aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá, kí ilẹ̀ tó wá bò ó. Kí wọ́n má gbé ọkọ̀ gorí rẹ̀. Bí omi abẹ́ ilẹ̀ yín bá dé mítà 1 sí ojú ilẹ̀ lóṣù kẹjọ, ẹ kó iyanrìn wá kí ẹ gbé yàrà náà sókè lórí òkìtì. Àwọn tó ń ta bàódàijẹ́sítà, tánkì tí kòkòrò àìfojúrí ti ń jẹ ìgbẹ́, máa ń sọ pé kò nílò sókàwéè. Ó ń jẹ ìgbẹ́ dáadáa, ṣùgbọ́n gbogbo omi tó wọlé gbọ́dọ̀ jáde, ilẹ̀ kan náà ló sì máa gbà á. Lórí amọ̀ tí kò gba omi, tánkì tí ẹ ó máa fà nìkan ló kù, ẹ ṣírò owó rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ilé.

Kànga àti bọ́hóòlù gbọ́dọ̀ jìnnà ní mítà 30 sí sókàwéè, tiyín àti ti aládùúgbò. Lórí pulọ́ọ̀tì tó gùn ní mítà 30, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ máà ṣeé ṣe, ní ilẹ̀ tí omi bọ́hóòlù rẹ̀ ń gba ojú ìlà àpáta kọjá láti ibi jíjìn sì rèé. Bí ẹ lè pawọ́ pọ̀ gbẹ́ ọ̀kan sí ibi tó mọ́ ní àdúgbò, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀.

Omi òrùlé ò gbọdọ̀ wọ sókàwéè ìgbẹ́ láé. Òrùlé mítà 150 níbùú-lóòró lábẹ́ òjò mìlímítà 50 jẹ́ lítà 7,500. Sẹ́ptíìkì yín ò gbà ju 3,168. Ẹ darí rẹ̀ sí gọ́tà tàbí sínú tánkì fún ọgbà.

Ọgbà

Ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì wọ ilẹ̀, kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ha sẹ̀ǹtímítà 15 òkè ilẹ̀ náà ṣo, kí wọ́n kó o jọ sí igun kan, kó má ga ju mítà 1.5. Gbogbo ohun tó lè hu ẹ̀fọ́ lórí pulọ́ọ̀tì yẹn wà nínú òkìtì náà. Níbi tó tó mítà 200 níbùú-lóòró, ẹ ó rí mítà kúbíìkì 30, àwọn ènìyàn sì ń dà á mọ́ yangí lójoojúmọ́, wọ́n á tún wá ra ilẹ̀dú lẹ́yìn ọdún kan.

Ilẹ̀ pupa wa máa ń kan, ó sì ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú débi tí gbòǹgbò ò fi rí i jẹ, ewé á dúró kékeré, á dúdú kọjá bó ti yẹ. Ìgbẹ́ adìẹ tó ti jẹrà fún oṣù 2 sí 3, kílò 1 sí 2 fún mítà kan níbùú-lóòró, ló ń tún un ṣe jù. Eérú igi kílò 1 fún mítà 10 níbùú-lóòró ń dín kíkan rẹ̀ kù, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ebè fífẹ̀ mítà 1.2, tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 25, ni kẹ́ ẹ lò nígbà òjò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ yí i padà: ẹ lo ebè kòtò bí àwọn àgbẹ̀ fàdámà ní Kano ti ń ṣe, kó wà nísàlẹ̀ ojú ilẹ̀ díẹ̀ kí omi tí ẹ bu máa dúró níbẹ̀, kẹ́ ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó.

Ẹ̀fọ́ ẹ̀bá ògiri aládùúgbò yín: nígbà tí wọ́n ń rẹ́ ilé, sìmẹ́ǹtì, ẹ̀fọ́kù búlọ́ọ̀kù àti omi tí wọ́n fi fọ bárò ń bọ́ sẹ́bàá ògiri. Ibẹ̀ á dòdì-kejì ilẹ̀ tó kan, ewé tuntun á sì pọ́n rúsúrúsú nígbà tí iṣan rẹ̀ ṣì jẹ́ àwọ̀ ewé, nítorí kò rí irin jẹ. Bó bá jẹ́ ewé ìsàlẹ̀, ewé àgbà, ló ń pọ́n, ajílẹ̀ ló ń fẹ́. Ẹ má da eérú síbẹ̀, ńṣe ló máa burú sí i. Kó gbẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30 kúrò, kó fi ilẹ̀ mìíràn rọ́pò rẹ̀. Tiyín, ẹ tẹ́ ọ̀rá dúdú sẹ́bàá ògiri ní ọjọ́ tí wọ́n bá ń rẹ́.

Máńgòrò àti dóńgóyárò, ẹ má gbìn wọ́n nítòsí ilé tàbí yàrà omi ìgbẹ́. Lórí amọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà tó bí wọ́n ṣe máa ga tó.

Ọdún àkọ́kọ́, ìṣápá àti tẹ̀tẹ̀ á gbà fún yín lórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà padà. Ewédú àti tòmátì, ẹ fi wọ́n di ọdún kejì, nígbà tí ìgbẹ́ adìẹ bá ti wọlẹ̀ dáadáa.